Ẹja Onírun Funfun

Ọjọ́ kẹrin, oṣù Èrèlé

Màmá mi,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ṣé ara yín le? Ṣé orúnkún yín ò yọ yín lẹ́nu mọ́? Ṣé Màmá Tíṣà ṣì máa ń wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárọ̀ kí oníbàárà kankan tó dé, tí wọ́n á máa tún ọ̀rọ̀ sọ fún gbogbo ẹni tó bá lanu? Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ sọ fún wọn pé mo ṣì ń fi àmì sórí ọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe kọ́ mi.

Mo ní ìròyìn kan. Mo ti kúrò níbi tí mo ti ń di páálí. Odindi ọdún méjì ni mo fi di páálí níbẹ̀, màmá, mi ò sì mọ ohun tó wà nínú ìkankan nínú wọn. Ìdí mi ò gbélẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ kan tí mò ń lọ síbi iṣẹ́, mo rí ìwé kan tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn ilé kan létí odò, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé: "À ń wá ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kì í gbọ̀n." Mo na ọwọ́ mi, mo wò ó. Kò gbọ̀n. Mo wọlé.

Ẹja irọ́ ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹja wẹ́wẹ́ tí kò gùn ju ìka àárín lọ. Ẹ̀mú kékeré kan wà lórí tábìlì tó máa ń di ìwọ̀ mú, wọ́n á wá fi òwú di irun ẹranko mọ́ ọrùn ìwọ̀ náà. Irun funfun lọ sísàlẹ̀ fún ikùn, irun dúdú lọ sókè fún ẹ̀yìn, ìyẹ́ díẹ̀ á wà láàárín, wọ́n á sì fi gọ́ọ̀mù lẹ ojú méjì mọ́ ọn. Tó bá bọ́ sómi, ẹja ńlá á rò pé ọmọ ẹja ni, á gbé e mì. Àwọn tó ń fi ọjọ́ ìsinmi pẹja ló ń rà á.

Awòméjì là ń pe ọ̀gá wa lẹ́yìn, nítorí awò ojú méjì ló máa ń wọ̀ lé ara wọn. Ó ní òun á dán mi wò títí oṣù Igbe á fi parí. Lọ́jọ́ náà, màá ju ẹja méjìlá tí mo fọwọ́ ara mi dì sínú àpótí gíláàsì olómi tó wà láàárín yàrá. Bí mẹ́wàá nínú wọn bá lúwẹ̀ẹ́ láìdojúbolẹ̀, àga ẹ̀gbẹ́ fèrèsé di tèmi. Bí wọn ò bá pé mẹ́wàá, mo padà sídìí páálí nìyẹn. Mo fẹ́ àga yẹn, màmá. Láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, mi ò tíì fẹ́ nǹkankan tó báyìí.

Èyí tí mo kọ́kọ́ dì fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú omi bí ẹni tó ti kú lánàá. Ẹ má rẹ́rìn-ín.

Èmi ọmọ yín,
Ẹsẹ̀-ò-gbélé


Ọjọ́ kìíní, oṣù Ẹrẹ́nà

Ẹsẹ̀-ò-gbélé ọmọ mi,

Ìwé rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ara mi le, ọ̀rọ̀ orúnkún ti di ìtàn. Màmá Tíṣà ní kí n kí ọ. Wọ́n ní àmì méjì ò sí níbi tó yẹ kó wà, wọ́n sì ti fi bíírò pupa sí i fún ọ.

Mo rẹ́rìn-ín, má bínú. Ṣé òwú náà ni? Ìwọ tí o ju òòyà sílẹ̀ lójú oníbàárà mẹ́ta nínú ṣọ́ọ̀bù yìí, tí o ní o ò ní fi ayé rẹ dúró sẹ́yìn orí olórí? O sá fún òwú nílé, o wá lọ bá òwú lókè òkun. Ǹ bá káàánú rẹ, ẹ̀rín ni ò jẹ́ kí n ráyè.

Irú iṣẹ́ wo tiẹ̀ ni kéèyàn máa purọ́ fún ẹja? Bí èmi bá di irun fún èèyàn, á wo dígí, á rí ohun tí mo ṣe, á yìn mí tàbí kó bú mi. Ẹja ò ní dígí. Ìgbà tó bá fi máa mọ ohun tí o ṣe fún un, ọ̀rọ̀ ti bọ́.

O ò béèrè ṣọ́ọ̀bù. Ṣọ́ọ̀bù wà bó ṣe wà. Ilẹ̀kùn ẹ̀ ń dún, ó ń fẹ́ epo. Ta ni n ó fi í sílẹ̀ fún? Mo kàn ń béèrè ni. O kọ odindi ojú ewé nípa ẹja, o ò kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa ọjọ́ tí wàá wá wò mí.

Má wo bí ìwé mi ṣe wọ́. Ẹsẹ̀ tábìlì ni ò dọ́gba.

Èmi ni,
Màmá rẹ


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Ẹrẹ́nà

Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ìrọ́jú. Ẹ ní kí wọ́n bá yín fi pátákó há ẹsẹ̀ tábìlì yẹn, ìwé yín ń da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ bí ẹni tó ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè.

Màá wá. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rí àga yìí gbà ná.

Ẹ gbọ́ ohun tójú mi rí. Awòméjì kì í kọ́ èèyàn. Ó kàn máa ń dúró lẹ́yìn rẹ, á mí kanlẹ̀, á kọjá lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó sú mi, mo ní kí n ṣe é bí mo ṣe mọ̀ ọ́n. Mo wé òwú mọ́ irun ẹja náà láti ọrùn dé ìrù bí ẹ ṣe máa ń kó irun olówùú, ó fún pinpin, ó dán, kò sí àlàfo kankan. Mo gbé e lọ bá ọ̀gá tayọ̀tayọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí awò òkè fi já bọ́. Ó ní, "Ìgbálẹ̀ lo ṣe yìí. Ṣé o fẹ́ gbá odò ni?" Ọrùn nìkan ni òwú ń mú, màmá. Ìyókù gbọ́dọ̀ wà ní títú, kó lè máa mì nínú omi bí ẹni tó ń mí. Láti ọjọ́ náà, Onígbàálẹ̀ ni gbogbo wọn ń pè mí.

Ṣùgbọ́n bí mo bá fi irun náà sílẹ̀ ní títú, ẹja á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀. Mo dì í, mo tú u, mo tún un dì. Irun dáadáa ò kárí àwa tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ṣẹ́, ohun tó bá kù sílẹ̀ la fi ń ṣe é. Ọ̀gá wá sọ pé kò sí ohun tó ń gba ìmọ́lẹ̀ nínú omi bí irun funfun orí àgbàlagbà, pé irun bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó kọ́ òun níṣẹ́ máa ń lò.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbá irun funfun tó bá bọ́ sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù jọ. Ti Màmá Tíṣà ló dára jù, ó gùn, ó sì rọ̀. Ẹ̀kúnwọ́ kan péré ti tó. Ẹ dì í sínú ìwé kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ sọ fún wọn, ohun tí wọ́n á kúkú dànù náà ni. Ẹ ṣe é kíá, ọjọ́ ń lọ.

Èmi ni,
Ẹsẹ̀-ò-gbélé yín


Ọjọ́ kejì, oṣù Igbe

Màmá mi,

Ṣé ẹ wà? Mi ò rí èsì. Ṣé lẹ́tà mi ò dé ni? Lójoojúmọ́ ni mò ń ṣí àpótí lẹ́tà tó wà nísàlẹ̀ àtẹ̀gùn. Mo ti ṣí i lẹ́ẹ̀mẹta lónìí, obìnrin ìsàlẹ̀ ilé béèrè bóyá mo so nǹkan mọ́ inú ẹ̀ ni.

Ó ku ọjọ́ méjìdínlọ́gbọ̀n. Nínú méjìlá tí mo dì lánàá, mẹ́rin ló dúró. Bí mo bá jókòó, ẹsẹ̀ mi á máa jó lábẹ́ tábìlì, ọ̀gá á ní kí n dá a dúró, ìwọ̀ ń gbọ̀n. Bí mo bá dìde, mi ò mọ ibi tí mò ń lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, irun yẹn.

Èmi ni


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Igbe

Ẹsẹ̀-ò-gbélé,

Mi ò tíì kí ọ. Jẹ́ kí n bínú tán ná.

Ó ti lé lọ́sẹ̀ méjì tí ìwé tí o fi béèrè irun ti wà lọ́wọ́ mi. Mo kà á, mo fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, mo tún fà á yọ, mo tún un kà, bóyá ojú mi ló ń ṣe mí. Irun Màmá Tíṣà. Kí n dì í sínú ìwé. Kí n má sọ fún wọn.

Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni mo fi ń di irun nínú yàrá yìí. Kò sí ẹyọ irun kan tó gba ẹnu ọ̀nà mi jáde lọ́wọ́ ẹni tí kì í ṣe tiẹ̀. Kí oníbàárà tó dìde lórí àga, màá ti ṣa ohun tó bọ́ lórí ẹ̀ jọ, màá dì í sínú ìwé, màá fi lé e lọ́wọ́. Bó fẹ́ kó sun ún, bó fẹ́ kó rì í mọ́lẹ̀, ìyẹn ò kàn mí. A kì í fá orí lẹ́yìn olórí. Kì í ṣe òwe ẹnu lásán ni nínú ṣọ́ọ̀bù mi, òun ni mo fi tọ́ ọ dàgbà. Àwọn kan mọ irun dì jù mí lọ ládùúgbò yìí, èmi ni wọ́n ṣì ń wá bá, torí pé wọ́n lè sùn lọ lórí àga mi.

Ọmọ ọdún méje ni ọ́ nígbà tí o mú nínú irun ìyàwó kápẹ́ńtà láti fi ṣe irun ọmọláńgidi. Ṣé o ti gbàgbé ni? Mo fà ọ́ lọ́wọ́ nínú oòrùn dé ilé ẹ̀, o kúnlẹ̀, o dá a padà. Ìyàwó kápẹ́ńtà fẹ́ rẹ́rìn-ín, mo ní kó má rẹ́rìn-ín.

Nísinsìnyí, sọ òótọ́ fún mi. Iṣẹ́ wo ló ń béèrè irun arúgbó? Ta ni Awòméjì yìí? Kí ló ń fi irun ṣe tí ẹni tó ni ín ò gbọdọ̀ gbọ́? Ọkàn mi ò balẹ̀. Láti ilẹ̀kùn dé fèrèsé, láti fèrèsé dé ilẹ̀kùn ni mò ń rìn. Bó bá jẹ́ pé ọwọ́ ẹni burúkú lo bọ́ sí, sọ fún mi, èmi ni mo bí ọ. Àmọ́ bí o bá fẹ́ purọ́ fún mi bí o ṣe ń purọ́ fún ẹja, má kọ̀wé.

Màmá rẹ


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Igbe

Màmá mi,

Títí di àárọ̀ yìí, mi ò rí nǹkankan gbà.

Mo mọ̀ pé ara yín le, torí bí kò bá le, Màmá Tíṣà á ti kọ̀wé. Inú ló ń bí yín. Ẹ ṣì ń bínú pé mi ò gba ṣọ́ọ̀bù. Mo bẹ̀ yín fún ohun tí ẹ̀ ń gbá dànù lójoojúmọ́, ẹ ò sì fún mi, kí n lè kùnà, kí n lè wá dúró sẹ́yìn orí àwọn èèyàn bí ẹ ṣe fẹ́.

Ó dáa. Ẹ máa gbá a dànù.


Ọjọ́ kọkàndínlógún, oṣù Igbe

Màmá mi,

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí ọkùnrin. Mo kúnlẹ̀ bí obìnrin. Ẹ yan èyí tó bá tù yín lára.

Àná ni ìwé yín dé. Tí èmi bá lè dá ìwé tí mo kọ lọ́jọ́ kọkànlá dúró lójú ọ̀nà, màá sáré tẹ̀ lé e. Bí kò bá tíì dé, ẹ jọ̀ọ́, bó bá dé, ẹ má ṣí i. Bẹ́ ẹ bá ti ṣí i, ẹ foríjì mí. Mo rántí ilé kápẹ́ńtà. Mo rántí bí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹnu ọ̀nà wọn ṣe gbóná mọ́ mi lórúnkún. Mi ò mọ bí mo ṣe gbàgbé.

Awòméjì kì í ṣe èèyàn burúkú. Aláìsọ̀rọ̀ lásán ni. Kẹ́ ẹ lè fojú ara yín rí i, mo fi ọ̀kan nínú àwọn ẹja mi sínú ìwé yìí. Mo ti gé ẹnu ìwọ̀ náà kúrò, kò lè gún yín. Ẹ so òwú mọ́ ọn lẹ́nu, ẹ jù ú sínú abọ́ omi, kẹ́ ẹ fà á díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mò ń fi irun ṣe kò ju ìyẹn lọ.

Màmá, ohun tó yẹ kí n béèrè láti ìbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe irun. Mi ò mọ òwú mú. Mo dàgbà lábẹ́ tábìlì yín, mo sì rò pé mo mọ̀ ọ́n torí pé mo máa ń wò ó. Báwo lẹ ṣe máa ń mú irun títú tí kì í fi í yí mọ́ òwú lọ? Ojú tì mí láti béèrè, torí ọ̀rọ̀ tí mo sọ lọ́jọ́ tí mo ju òòyà sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mọ́kànlá. Mo mọ̀ pé èsì yín ò lè bá a. Ẹ ṣáà kọ ọ́.

Ọmọ yín


Ọgbọ̀n ọjọ́, oṣù Igbe

Ọmọ mi,

Òní ni ìdánwò rẹ. Ìwé yìí ò ní bá a, mo mọ̀, àmọ́ mi ò lè jókòó.

Mo ti ṣí èyí tí o ní kí n má ṣí. Ó dùn mí. Mo ti gbàgbé ẹ̀. Má bá mi sọ ọ́ mọ́.

Ẹja rẹ dé lánàá. Màmá Tíṣà ló tú ìwé náà, wọ́n pariwo, mo rò pé aláǹgbá ni. Wọ́n ti gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ irun wọn lẹ́nu mi. Wọ́n ní ǹ bá ti sọ fún wọn tipẹ́, pé ó wu àwọn láti di ẹja. A bu omi sínú abọ́ tí mo fi ń fọ orí èèyàn, mo fà á. Ó fẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lélẹ̀. Mo tún un fà, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún náà ni. Mo nù ún, mo gbé ọrùn ẹ̀ sójú oòrùn, ó sì yé mi lójú ẹsẹ̀. Ojú tiẹ̀ tì mí. Ọmọ onídìrí! Ìlà rẹ ló wọ́! Irun apá ọ̀tún pọ̀ ju ti òsì lọ.

Gbọ́ mi dáadáa. Fi omi díẹ̀ pa irun náà kó má fò. Là á sí méjì kí òwú tó kàn án, kí o sì fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Má gba ojú gbọ́. Fi àtàǹpàkò àti ìka tó tẹ̀ lé e di gbogbo ẹ̀ mú ṣinṣin. Bí òwú bá yí i lẹ́ẹ̀kan, má fà á. Lẹ́ẹ̀kejì, má fà á. Ẹ̀ẹ̀kẹta ni kí o fà á, sísàlẹ̀ tààrà ni kí o sì fà á sí. Orí ọmọ kékeré la fi ń kọ́ ọ. Bí o bá fa òwú lẹ́ẹ̀kan náà, irun á yí, ọmọ á ké. O máa ń kánjú fà á. Gbogbo nǹkan lo máa ń kánjú fà.

Ó ku ohun tí mi ò sọ. Ẹsẹ̀ tábìlì dọ́gba. Apá ọ̀tún mi ni kò gòkè kọjá èjìká mọ́ láti oṣù Ọ̀pẹ́. Àwọn àgbà ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ. Tèmi náà ò tó o mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ti ṣọ́ọ̀bù. Àárọ̀ àárọ̀ ni èmi àti Màmá Tíṣà ń jókòó síwájú dígí, à ń wo ara wa. Nígbà tí o ń bẹ̀ mí pé kí n gbá irun nílẹ̀, kò sí irun nílẹ̀, ọmọ mi. Mi ò sọ fún ọ, torí mi ò fẹ́ kí àánú lé ọ wálé. Ọmọ tí àánú bá lé wálé, ẹnu ọ̀nà ló máa ń wò.

Lánàá, lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ẹja, mo jókòó sórí àga oníbàárà. Mo fún Màmá Tíṣà ní àlùmọ́gàjí, mo ní kí wọ́n gé irun mi. Mi ò kúkú lè dì í fúnra mi mọ́. Wọ́n gé e wọ́gọwọ̀gọ, bí ẹni tó ń fi ìbínú ro oko. Òun ló wà nínú ìwé funfun yìí. Mi ò láṣẹ lórí orí ẹnikẹ́ni àfi tèmi. Olórí wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n gé e, olórí ló ní kí wọ́n gé e. Fi ṣiṣẹ́ rẹ.

Màmá rẹ


Ọjọ́ kejì, oṣù Èbìbí

Màmá mi,

Mẹ́jọ.

Mẹ́jọ ló dúró. Awòméjì kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó mí kanlẹ̀, ó ní kí n kú iṣẹ́. Mo ti padà sídìí páálí. Bí mo bá ń kọjá létí odò láàárọ̀, mò ń rí ìwé tí wọ́n ti tún lẹ̀ mọ́ ilẹ̀kùn, mo sì máa ń yíjú.

Ó dùn mí gan-an.

Ọmọ yín


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù Èbìbí

Màmá mi, olórí irun,

Ọjọ́ kẹsàn-án ni ìwé yín dé. Orí àtẹ̀gùn ni mo jókòó sí kà á, nígbà tí mo sì tú ìwé funfun yẹn, mo sunkún títí obìnrin ìsàlẹ̀ ilé fi gbé omi wá fún mi. Láti oṣù Ọ̀pẹ́! Èmi wá ń kọ̀wé pé ẹ̀ ń gbá a dànù. Mo sọ̀rọ̀ sí yín bí ọmọ tí wọn ò kọ́ nílé, ẹ sì jókòó, ẹ gé irun orí yín fún mi.

Mi ò ní ẹ̀mú orí tábìlì nílé. Mo fi dúrọ́ọ̀ tábìlì há ẹ̀mú lásán mọ́lẹ̀, mo fi ìwọ̀ sí i lẹ́nu. Mo fi omi pa irun yín. Mo là á sí méjì, mo fi àtàǹpàkò wọ̀n ọ́n. Ẹ̀ẹ̀kan, mi ò fà á. Ẹ̀ẹ̀kejì, mi ò fà á, ó sì nira fún mi jù bí ẹ ṣe rò lọ. Ẹ̀ẹ̀kẹta, mo fà á wálẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò jó lábẹ́ tábìlì. Ìgbà tí mo ṣe tán ni mo tó mọ̀.

Méjì péré ni mo dì. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì mo já wọ ilé ẹja létí odò, mi ò kí ẹnikẹ́ni, mo jù wọ́n sínú àpótí gíláàsì, mo fà wọ́n. Màmá, wọ́n lúwẹ̀ẹ́! Ikùn wọn ń dán bí ẹni pé wọ́n gbé oòrùn mì. Awòméjì bọ́ awò òkè, ó bọ́ ti ìsàlẹ̀, ó fi ojú lásán wò wọ́n. Ó ní, "Mẹ́jọ àti méjì." Ó lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó ya ìwé yẹn kúrò lára ilẹ̀kùn.

Ó fẹ́ pàtẹ àwọn méjèèjì sí ojú fèrèsé, kí àwọn oníbàárà lè rà wọ́n. Mo ní rárá. Mo sọ fún un pé irun náà lólórí, olórí ò sì sí níbí. Ó béèrè ta ni olórí, mo ní ìyá mi ni, òun ló kọ́ mi níṣẹ́. Ó kó àwọn méjèèjì lé mi lọ́wọ́.

Àwọn ẹja méjèèjì nìyí. Irun tó kù náà nìyí, mo dì í sínú ìwé, kò dín ju èyí tó wà lára ẹja lọ. Mo dá a padà kẹ́ ẹ tó dìde lórí àga, gẹ́gẹ́ bí òfin ṣọ́ọ̀bù.

Lóṣù Ọ̀wàwà, iṣẹ́ máa ń dákẹ́ níbí, ọ̀gá ti fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Àánú kọ́ ló ń lé mi bọ̀ o. Mo ti ṣírò ẹ̀: irun máa ń hù tó ìbú ìka kan lóṣù. Nígbà náà, tiyín á ti tó ìbú ìka márùn-ún, òwú á lè mú un. Ẹ má jẹ́ kí Màmá Tíṣà fi àlùmọ́gàjí kàn án mọ́. Ẹ fi epo sí ilẹ̀kùn. Ẹ gbé àga síwájú dígí, kẹ́ ẹ jókòó. Èmi ni n ó dúró sẹ́yìn orí yín.

Ọmọ onídìrí